Bí a ṣe ń dúró ti ọmọ tó ń jẹ̀rora ní ilé ìwòsàn

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 7 kan dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú ikùn. Kò sunkún, kò pariwo, ó kàn ń wo tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri, ìyá rẹ̀ sì sọ fún mi pé ara rẹ̀ ti yá, pé kò tilẹ̀ yọ òun lẹ́nu ní gbogbo òru. Mo wo ọwọ́ rẹ̀: ó di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú tó bẹ́ẹ̀ tí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fi yọ síta. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò, bisikíìtì tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ láti àárọ̀ sì wà níbẹ̀ láìtú. Nígbà tí mo ní kó wúkọ́ díẹ̀ kí n gbọ́, ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi sì lé ròrò sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Tí mo bá sọ, ẹ máa gún mi lábẹ́rẹ́."

Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún òbí, alágbàtọ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá ń sùn ti ọmọ ní ọsibítù. Ọmọ tó ń ké ti rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ọmọ tó dákẹ́ ni ó yẹ kí a bi léèrè, kí a tẹjú mọ́, kí a sì kọ ohun tí a rí lára rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni láti fún un lóògùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ bó ṣe ń ṣeré, bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun nígbà tí ara rẹ̀ dá ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé

Ohun àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yé fi abẹ́rẹ́ dẹ́rù ba ọmọ. "Bí o kò bá jẹun, màá pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ní kékeré, tí àwa náà sì ń sọ fún ọmọ tiwa láìronú, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbà pé ìyà ni abẹ́rẹ́ jẹ́ á fi ìrora rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó lè wò ó sàn. Ọ̀kan náà ni òun àti "ọkùnrin kì í sunkún", tí a máa ń sọ fún ọmọ ọdún 3 tí kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ọkùnrin.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí ọmọ ti lò dání nínú ìgò tàbí páálí wọn, kí ẹ sì kọ aago tí ó lò wọ́n kẹ́yìn sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fún un lágbo, ẹ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá bú yín nítorí rẹ̀ kò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n bú yín ju kí wọ́n fún ọmọ ní oògùn tí yóò bá ohun tó wà nínú rẹ̀ jà. Àwọn òbí kan tún máa ń fi oògùn ìrora du ọmọ nílé, nítorí wọ́n rò pé dókítà kò ní rí àrùn náà mọ́ bí ìrora bá ti rọlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìrora rẹ̀ ti dín kù á jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, àyẹ̀wò rẹ̀ sì máa ń rọrùn ju ti ọmọ tó ń jà raburabu lórí bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́

Èdè wa lọ́rọ̀ nínú ọ̀ràn yìí, a kì í sì í lò ó tó. Orí máa ń fọ́ni, inú máa ń runni, eegun máa ń roni, ojú egbò máa ń tani, àyà máa ń gúnni. Bí ọmọ bá sọ pé "ẹsẹ̀ ń ro mí", ohun tó jinlẹ̀ sínú eegun tàbí oríkèé ló sábà máa ń sọ. Bí ó bá ní "ó ń ta mí", ẹ wo awọ ara rẹ̀, ẹ wo ojú abẹ, ẹ wo ibi tí dírípù gbà wọlé. Bí ó bá ní inú ń lọ́ òun, tó ń wá tó sì ń lọ, ìfun ni dókítà yóò kọ́kọ́ rò; bí ìtọ̀ bá sì ń jó o, ìyẹn tún yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé iwájú dókítà, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo lẹ́nu wa, ìdajì ohun tí ọmọ sọ á sì ti ṣòfò. Ẹ sọ ọ́ bí ọmọ ṣe sọ ọ́. Bí dókítà náà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ ṣàlàyé fún un bóyá ńṣe ló ń gún ọmọ bí abẹ́rẹ́, tó ń jó o bí iná, tàbí tó ń wúwo lára rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tó jẹ́ pé òyìnbó ló ń bọ́ sí i lẹ́nu nígbà tí ara bá ń ni ín, ẹ má fi dandan mú un sọ Yorùbá lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kékeré lè pe gbogbo ara ní inú. Ọmọ tí ọ̀fun ń dùn tàbí tí òtútù àyà ń bá jà lè sọ fún yín pé inú ń run òun. Nítorí náà, ẹ má dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ẹ ní kí ó fi ìka kan, ìka kan péré, tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọn ìrora náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

A kì í fojú díwọ̀n ibà, a máa ń fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Ìrora náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni àwòrán ojú 6 tí Donna Wong àti Connie Baker ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980: ojú àkọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ 0, ojú ìkẹyìn ń da omijé, ó jẹ́ 10. Ọmọ ọdún 3 sókè lè lò ó. Bí wọ́ọ̀dù tí ẹ wà kò bá ní i, ẹ fi báírò ya ojú 6 sẹ́yìn páálí oògùn, yóò ṣiṣẹ́.

Èmi fúnra mi fẹ́ràn ọmọ ayò. Mo máa ń kó mẹ́rin síwájú ọmọ, mo máa ń sọ fún un pé ẹyọ kan túmọ̀ sí ìrora díẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin túmọ̀ sí ìrora tó pọ̀ jù lọ tó lè ní, kí ó wá kó iye tó bá tirẹ̀ mu fún mi. Ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ á kó o sí ọ lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún wo ilẹ̀ bóyá ó ṣẹ́ ku.

Ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ohun márùn-ún ni à ń wò lára wọn, a sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0, 1 tàbí 2. Ẹ wo ojú, bóyá ó tújú ká tàbí ó fún iwájú orí pọ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ wo ẹsẹ̀, bóyá ó nà án gbẹ̀ẹ́rẹ́ tàbí ó ń ta á tó sì ń ká a mọ́ ikùn. Ẹ wo gbogbo ara, bóyá ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń yí kiri, tàbí ó gan bí igi. Ẹ gbọ́ igbe rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ wò ó bóyá yóò gbà kí ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tàbí kò ní gbà. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti tó 4, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ó bá tó 7, ẹ má jókòó.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oògùn: nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn èyí tó mu, ìdajì wákàtí lẹ́yìn èyí tó gba ojú dírípù wọlé. Nọ́ńbà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá oògùn náà ràn án.

Àwọn ìyá àgbà kan ṣì ń sọ pé ọmọ jòjòló kò mọ ìrora. Ẹ má bú wọn, nítorí àwọn oníṣègùn náà gbà á gbọ́ títí kò pẹ́ yìí; a rí àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún pẹ̀lú oògùn ìrora tó kéré gan-an tàbí láìsí rárá. Ọdún 1987 ni Kanwaljeet Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford gbé iṣẹ́ wọn jáde, tí wọ́n fi hàn pé ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń dáhùn sí iṣẹ́ abẹ lọ́nà tó le, àti pé ara àwọn tí wọ́n fún ní oògùn ìrora tó péye balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Oògùn, ní àsìkò rẹ̀

Ìlànà tó wà fún oògùn ìrora ọmọdé rọrùn láti rántí: ẹnu ni kí ó gbà wọlé bí ọmọ bá lè gbé e mì, aago ni kí á máa wò, ìwọ̀n ara ọmọ sì ni kí á fi díwọ̀n rẹ̀. Kí á máa wo aago túmọ̀ sí pé, bí dókítà bá kọ ọ́ ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ kò gbọdọ̀ dúró kí ọmọ tó ké kí ẹ tó béèrè. Ìrora tó ti gòkè tán ṣòro láti fà wálẹ̀ ju èyí tí kò tíì dìde lọ.

Paracetamol ni ó wọ́pọ̀ jù. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10 sí 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 12 yóò gba 120 sí 180 mg lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìgò tí wọ́n kọ 125 mg/5 ml sí lára, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 5 sí 7 ml. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré tó ní ohun ìkán oògùn wà, tó jẹ́ pé 1 ml rẹ̀ nìkan ní 100 mg. Ẹni tó bá bu 5 ml nínú ìyẹn ti fún ọmọ ní 500 mg, ìlọ́po mẹ́rin ohun tó wà nínú 5 ml ti ìgò àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń bà jẹ́. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọn oògùn, kì í ṣe ṣíbí ìdáná. Kí ẹ sì ka ara ìgò oògùn ọ̀fìnkìn dáadáa, nítorí paracetamol sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibuprofen dára fún eegun àti ara tó wú, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò pé oṣù 3 kò gbọdọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó ń bì tàbí tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru tí omi ti tán lára rẹ̀, nítorí kíndìnrín. Aspirin kì í ṣe oògùn ìrora ọmọdé, àfi bí dókítà ọmọdé bá dìídì kọ ọ́. Codeine àti tramadol náà kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, nítorí wọ́n lè dá èémí rẹ̀ dúró.

Morphine ni òbí máa ń sá fún jù. "Ẹ má sọ ọmọ mi di ajoògùnyó" ni wọ́n máa ń wí fún wa. Ọmọ tí iná jó, tí eegun rẹ̀ kán, tàbí tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà nílò rẹ̀, bí dókítà bá sì díwọ̀n rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ìrora, kì í ṣe òun ló ń sọ ọmọ di ajoògùnyó. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni ìgbẹ́ tó gan, ara tó ń yún, àti oorun. Bí ọmọ bá sùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé jí, tàbí tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì. Níbi tí wọ́n bá ti fún ọmọ ní ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ kí oògùn tó wọlé, ẹ má bá a tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá sùn, àní bí àánú rẹ̀ ṣe wù kó ṣe yín tó.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò gbà pé a tọ́jú ọmọ àfi bí a bá gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ mi o: abẹ́rẹ́ ìdí tó bá ṣì ọ̀nà lè ba iṣan ńlá tó gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà ló sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lónìí nítorí abẹ́rẹ́ tí ẹnu ì bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ẹran ara bá di dandan fún ọmọ kékeré, iwájú itan ni ó yẹ kí ó wọlé. Kí ẹ sì máa ra oògùn ní ilé oògùn tó fìdí múlẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan kò tó: ẹ rántí My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tó ní paracetamol nínú, tí kẹ́míkà olóró wọ̀ ní ọdún 2008, tó sì pa ọmọ 84.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń bọ̀ lóòótọ́

Ẹ má parọ́ fún un. Bí ẹ bá sọ pé kò ní dùn ún, tó sì dùn ún, ẹ ti ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú yín jẹ́ fún gbogbo abẹ́rẹ́ tó kù. Ẹ sọ pé, "Yóò ta ọ́ díẹ̀, mo wà níbí, yóò sì tán kí a tó ka 10." Kí ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ kékeré láti òru àná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ti tó.

Lẹ́yìn náà ni dídì mú. Mo kórìíra kí ènìyàn mẹ́rin máa tẹ ọmọ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹnì kan mú orí, kí ẹnì kan mú orúnkún. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ gbé ọmọ lé itan kí àyà rẹ̀ fara kan àyà yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí ìbàdí yín ká, kí ẹ fi apá kan gbá a mọ́ra, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì di apá tí wọ́n fẹ́ gún mú. Ọmọ tó ń mu ọmú, ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kí ó máa mu ún lọ títí wọn yóò fi parí. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára pé kí wọ́n máa fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n máa gbé e mọ́ra, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tó dùn jù sí ìkẹyìn. Níbi tí ìpara apara-kú, èyí tí kì í jẹ́ kí awọ mọ ìrora abẹ́rẹ́, bá wà, ẹ béèrè fún un. Ó ń fẹ́ nǹkan bí wákàtí kan lára awọ kó tó ṣiṣẹ́.

Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ fi ọkàn rẹ̀ sí nǹkan mìíràn. Fóònù wúlò, ṣùgbọ́n àlọ́ àpamọ̀ ṣiṣẹ́ ju fóònù lọ lọ́wọ́ mi, nítorí ọmọ kò lè máa wá ìdáhùn kó tún máa wo abẹ́rẹ́. Mo lè rí ọmọbìnrin kan báyìí, tí ìyá ìyá rẹ̀ gbé lé itan, tí ìyá àgbà náà ní, "Òrúkú tindí-tindí, òrúkú tindì-tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ọmọ náà ní adìẹ, ìyá àgbà ní rárá. Ó ní èèrà. Ìyá àgbà ní kí ó tún un rò. Ìgbà tó fi pariwo "Ẹ̀wà!", mo ti ń fi pílásítà lẹ ojú dírípù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí àlọ́, ẹ ní kí ó fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Bí egbò iná bá wà lára ọmọ, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì ń dì í, ẹ béèrè aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó ti lo oògùn ìrora tó ń mu ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú. Oògùn tí a bá fún un nígbà tí a ti ṣí egbò tán ti pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ó bá jẹ́ ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde

Ọmọ yìí kò yẹ kó tò sórí ìlà. Tí ẹ bá ti dé, ẹ sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí pé SS ni, pé ara ń ro ó, àti oògùn tí ó ti lò nílé. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ni ó yẹ kó ti rí oògùn ìrora gbà. Ẹ fi aṣọ bò ó, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ máa fún un lómi mu díẹ̀díẹ̀, ẹ sì lè fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lé ibi tó ń ro ó. Kò gbọdọ̀ sí yìnyín níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lójijì lè máa ní ìrora yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí àyà bá ń dùn ún tó sì ń mí lókè-lókè, bí ibà bá gùn ún, bí ikùn rẹ̀ bá le tó sì wú lápá òsì, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìrora lásán, dókítà gbọ́dọ̀ wá lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí wọn kò bá dá yín lóhùn

Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kan lè máa tọ́jú ọmọ tó pọ̀ jù lóru. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ pariwo pé "ẹ kò tọ́jú ọmọ mi". Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ wá, kí ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, 8 ni ìrora rẹ̀ láti aago mẹ́ta, aago méjì ló lo paracetamol, kò sì ràn án." Gbólóhùn yẹn ṣòro láti kọ etí ikún sí. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀ ọ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín pe mátírọ̀nù tàbí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àti pé, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ béèrè bóyá oògùn ìrora tí ọmọ yóò lò mọ́jú ti wà nílẹ̀, nítorí ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, ẹ̀yin ni wọn yóò fún ní ìwé pé kí ẹ lọ rà á, aago méjì òru kì í sì í ṣe àsìkò tí ó yẹ kí bàbá máa wá ilé oògùn tó ṣí sílẹ̀ kiri.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ oògùn, iye ml, aago rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fi síríńjì wọn omi lójú nọ́ọ̀sì kí ó rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ẹ béèrè irú ìrora tó yẹ kó mú yín padà wá. Bí ojú abẹ bá wú tó ń tú ọyún jáde, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, bí ọmọ bá ń bì tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ó dákẹ́ lọ́nà tí kò bá ìwà rẹ̀ mu, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.